Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Nínú àpótí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn mọ́,
ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ:
Ẹ̀fọ̀n sí Adó, àlọ àti àbọ̀, ogún lítà.
Ogún lítà! Owó ìfẹ̀yìntì oṣù kan
kò lè gun òkè Ìtàwúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ilé iṣẹ́ igbó ọba ló kọ́kọ́ ni Landiróvà yìí.
Mo rà á ní gbàǹjo, ọdún tí Adéríyìkẹ́ wọ girama.
Adéríyìkẹ́ kan náà ló ń pè mí báyìí láti Ìbàdàn:
"Ẹ tà á, Bàbá. Ẹ ra Kòrólà."
Mo dákẹ́ sórí fóònù.
Ẹni tó so erin mọ́lẹ̀ ló yẹ kó mọ ibi tí ewé wà.

Mo gbé e lọ bá Fádáhùnsi lábẹ́ igi máńgòrò.
Ó fọ kábúrétọ̀. Ó gbọn asẹ́ afẹ́fẹ́ jìgìjìgì:
eruku Ìjerò, eruku Ọ̀tún, ìràwé,
ìyẹ́ ẹyẹ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ó gba owó rẹ̀.
Mo lọ sí Adó, mo bọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
lítà méjìdínlógún.

Fádáhùnsi yínmú. "Bàbá, ẹ gbé e lọ s'úlé. Ó ti gbó."
Mo ní ogbó kì í ṣe àìsàn.
Fẹ́yíntọlá, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù,
kò dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ó ń kúnlẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan,
ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin àárín rẹ̀
bí ìyá ṣe ń kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.
Ó dé ẹ̀yìn òsì, ó já ọwọ́ gbà.
"Èyí ń jó."
Bíréèkì ti di táyà náà mú, kò jù ú sílẹ̀:
ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń dá ara rẹ̀ dúró,
èmi sì ń ra epo fún àwọn méjèèjì.

Ó rìn lọ síwájú. "Bàbá, ta ló ti họ́ọ̀bù yìí pa?"
Èmi ni.
Ọdún kọkànlá rèé. Òjò ọ̀wàrà, òkùnkùn,
ẹrẹ̀ dé orúnkún ní ọ̀nà oko igi tíìkì
létí odò Ògbèsè. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí i,
kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa fà.
A jáde. Mo dúpẹ́. N kò yí i padà.
Láti ọjọ́ náà, lórí ọ̀dà dídán, láti Àrámọ̀kọ dé Ìyìn,
inú ẹrẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ mi ṣì ń rìn.

Fẹ́yíntọlá fi ìka yí i. Ó ró kọ̀ọ́, bí èèpo awùsá.
N kò lè sọ̀rọ̀. Mo ń ka àwọn ohun mìíràn
tí mo tì pa lóru
tí n kò rántí ṣí nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo délé mo tú ẹrù ẹ̀yìn:
irin orí òrùlé, ẹ̀wọ̀n ìfakọ̀, jáàkì kejì,
sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta nínú àpò rẹ̀.
Àpótí tí Ìbídùnní máa ń jókòó lé
nígbà tí mo bá ń ka igi nínú igbó,
ìyẹn kò wúwo. Mo dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Mo fẹ́ táyà dáadáa. Mo fi ẹsẹ̀ rọra tẹ epo.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtàwúrẹ́, n kì í fi í sí fìríì
bí àwọn onítírélà tó ń tọrọ ikú;
gíà kẹta ni, kí ẹ́ńjìnnì máa di ara rẹ̀ mú.

Lítà mẹ́rìnlá àti ààbọ̀.
Mo fa ìlà sí i nídìí títí ẹnu pẹ́ńsùlù fi kán.
Mo fi ìwé náà han Fẹ́yíntọlá. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì,
ẹ̀yìn ọ̀tún náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.